Ẹran Tí Kò Tètè Rà: Ibi Tí Dídán Ewé Wò Lára Kòkòrò Àìfojúrí Ti Ṣẹ̀

Ẹ bi àwọn oníyàrá àyẹ̀wò léèrè ẹni tó ṣíwájú nínú wíwá ohun tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí oògùn penicillin, ni púpọ̀ nínú wọn máa dárúkọ. Èmi ò gbà. Ọmọ àná ni Fleming. Èbu, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì, ló sì ń wò, kì í ṣe ewé.

John Pringle, dókítà ológun ará Scotland, ni mo dìbò fún. Ní 1750, ó gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú ìgò omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fi iyọ̀ òkun sí ọ̀kan, òjíá (oje igi olóòórùn dídùn) sí òmíràn, ó tún dán òdòdó chamomile àti èèpo igi cinchona, igi tí wọ́n ń yọ kuníìnì lára rẹ̀, wò. Ó gbé wọn síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ó wá ń gbóòórùn wọn. Èyí tí ẹran inú rẹ̀ bá pẹ́ kó tó rà ló borí. Iyọ̀ ló fi ṣe òṣùwọ̀n: ìlọ́po mélòó ni ewé yìí fi ju iyọ̀ lọ? Ìbéèrè yẹn náà la ṣì ń bi lónìí, oògùn apakòkòrò la kàn fi rọ́pò iyọ̀. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1752. Òun náà ló sọ “antiseptic” di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣègùn. Èdè Gíríìkì ni, ohun tó ń dènà ìjẹrà. Kò sì mọ̀ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹran náà: àìfojúrí ni lóòótọ́.

Ta ló wá kọ́ Pringle lọ́gbọ́n òjíá? Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé àwọn ará Íjíbítì máa ń kì í sínú òkú. Nikodémù náà gbé e wá síbi ìsìnkú Jésù. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kun òkú ọba á ti kọ́kọ́ fi kun ti mẹ̀kúnnù wò ná. Bí ìyẹn kì í bá ṣe àyẹ̀wò, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. Fanny Hesse dábàá agar, ohun bíi jẹ́lì tí wọ́n ń gbin kòkòrò àìfojúrí sí, ní 1881, ojú wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ imú. Osborn, olùṣèwádìí kan, dán nǹkan bí 2,300 irú ewéko wò ní Oxford, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1943. Ní 1966, Bauer àti Kirby fi ìlànà sí bébà róbótó tí wọ́n ń rẹ sínú oògùn, tí wọ́n á sì gbé sórí agar tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀. Ibi tí kòkòrò ò bá ti hù yí bébà ká ni wọ́n ń fi rúlà wọ̀n ní mìlímítà. Bó bá jẹ́ ọtí la fi yọ omi ewé, ọtí nìkan náà gbọ́dọ̀ ní bébà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ọtí ń pa kòkòrò, ewé á sì gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.