Irorẹ́ lára ọmọ kékeré: ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ kí ẹ tó mú kíríìmù

Irorẹ́ lójú ọmọ ọdún 16, ta ló máa yà lẹ́nu? Àmọ́ kó yọ lójú ọmọ ọwọ́, tàbí ọmọ tó ṣì ń lọ náọ́sìrì, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti máa ń di dókítà, tonílé tàlejò. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń béèrè jù nìyí.

Ọmọ mi ò tíì pé oṣù kan, ojú ẹ̀ ti kún fún irorẹ́. Màmá mi ní kí n máa fi omi ọmú pa á lójú, ṣé ó dáa?

Omi ọmú ò ní ṣe é ní nǹkankan, àmọ́ ẹ má bá a gbé oríyìn fún un o, torí bí ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án ó máa lọ. Nǹkan yẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 tí wọ́n bí ọmọ, kókó kéékèèké tí ọyún díẹ̀ wà lórí ẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti àgbọ̀n. Inú ìwé ni wọ́n ti máa ń sọ pé ó máa pupa, lára ọmọ tiwa ẹ lè má rí pupa kankan, ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ojú ọmọ ò jọ̀lọ̀ mọ́. Kìí yún un, kìí dùn ún, ó ń mu ọmú ẹ̀ ó ń sùn, tó bá fi máa tó oṣù 3 tàbí 4 ó ti lọ, kìí sì fi àpá sílẹ̀.

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ọmọdé tí ò le, ẹ fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó tó. Ẹ má fi kànrìnkàn ha á. Ẹ sì bá mi bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí àdí àti òrí dúró sí ara àti ẹsẹ̀, kó má dé ojú, òróró yẹn ló ń dí ihò ara. Àwọn tóótòòtó funfun orí imú ọmọ tuntun kìí ṣe irorẹ́ rárá, wọ́n máa lọ fúnra wọn. Ohun tí mi ò ní kí ẹ dúró wò ni tí ara ọmọ bá gbóná, tí ò fẹ́ mu ọmú, tàbí tí nǹkan náà bá ń lé ròrò bíi kó lómi nínú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ti ọmọ tèmi, ó ti lé lóṣù 5 kó tó yọ. Ṣé ohun kan náà ni?

Rárá o. Irorẹ́ gidi nìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ máa rí àwọn ojú dúdú tíntìntín nínú ẹ̀, nígbà míì kókó líle. Eléyìí lè fi àpá sílẹ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọdé rí i.

Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọdún 3, irorẹ́ ń yọ sí i lójú. Àwọn kan ní kí n má dààmú, pé ó jọ bàbá ẹ̀ ni.

Ẹ dààmú díẹ̀ jàre. Láti ọdún 1 sí ọdún 7, kò yẹ kí irorẹ́ yọ, torí àsìkò yẹn ni họ́móònù tó ń fà á, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà, máa ń sùn jù lọ nínú ara ọmọ. Tó bá yọ, àfi ká wo ohun tó jí i. Àwọn ẹ̀yà kékeré méjì kan wà tó jókòó sórí kíndìnrín, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí ìbàlágà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ẹ wo abíyá àti abẹ́ ẹ̀ bóyá irun ti ń hù, ṣé ó ti ń ní òórùn ara bí àgbà, ṣé ó ń ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lójijì. Dókítà lè ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun (x-ray) ọwọ́ òsì ẹ̀, kó má yà yín lẹ́nu, egungun ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ọmọ ti sáré ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Kìí ṣe gbogbo ẹ̀ náà ló ń já sí àìsàn o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó bá wá jẹ́ ọmọ ọdún 8 tàbí 9 ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ọmọ ti fẹ́ bàlágà.

Láti nǹkan bí ọdún 7 lọ sókè, ara ti ń palẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀, irorẹ́ sì lè ṣáájú nǹkan oṣù ní ọ̀pọ̀ ọdún. Iwájú orí àti imú ló máa ń pọ̀ sí. Èyí tó yẹ kó gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ni tí ọmú bá ń yọ kí obìnrin tó pé ọdún 8, tàbí tí nǹkan ọmọkùnrin bá ti ń tóbi kó tó pé ọdún 9.

Àmọ́ kí ẹ tó ro gbogbo ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irun orí ẹ̀. Ọmọ dirun ní Sátidé, wọ́n fi póméèdì kun gbogbo ẹsẹ̀ irun kó lè máa dán, wọ́n tún fi èyí tó kù lọ́wọ́ wọn nu ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀, oòrùn wá mú un lójú ọ̀nà skúùlù, gbogbo ẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Kókó kéékèèké bíi yanrìn tò lọ rẹrẹ lẹ́bàá irun, ibòmíì lójú ẹ̀ ò ní nǹkankan. Póméèdì nìyẹn, kìí ṣe họ́móònù! Ẹ fi sí àárín orí nìkan, ẹ máa fọ iwájú orí ẹ̀ lálẹ́, ẹ pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí, kẹ́ ẹ wá fún un ní oṣù kan sí méjì.

Ìyá tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ta kíríìmù kan fún mi, ọjọ́ 3 péré ojú ọmọ ti jọ̀lọ̀. Mo wá dá a dúró, ó tún padà wá, ó tún burú sí i.

Ẹ yí túùbù yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí betamethasone tàbí clobetasol níbẹ̀, sìtẹ́rọ́ìdì ni. Àwọn kíríìmù tí wọ́n ń tà pé ó ń wo làpálàpá, èélá, ifọ́n, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló kún inú wọn. Ó máa ń tẹ nǹkan náà rì kíákíá lóòótọ́, òun náà ló tún máa ń bí irorẹ́ tuntun, pàápàá yí ẹnu àti imú ká, ó sì ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ ọmọdé tún máa ń fà á wọnú ẹ̀jẹ̀ ju ti àgbà lọ. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ má kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ lọ bi dókítà bẹ́ ẹ ṣe máa já a lẹ́nu ẹ̀. Ti kíríìmù ìbóra, mi ò tiẹ̀ ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó bá ń fi pa ọmọ lára mọ ohun tó ń wá.

Ẹ̀pà àti ṣokoléètì ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ̀pà ẹ̀. Súgà àti míníráàlì àpọ̀jù ló ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú, ti àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n sì yẹ̀ wò jù.

Ṣé mo lè tú páúdà inú kápúsù tẹtirasáíkílìn sí i lójú?

Ẹ má dán an wò. Ojú egbò pàápàá kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 8 bá sì wá ń gbé e mì, ó lè pa eyín ẹ̀ láró títí ayé.

Dókítà kọ benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń fi ra ojú, fún ọmọ mi ọdún 10, ọ̀sẹ̀ 2 ti lọ, mi ò rí ìyàtọ̀.

Ó ṣì yá jù. Ẹ kà á sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ìwọ̀n ẹ̀wà kan ni kẹ́ ẹ fi ra gbogbo ibi tó ń yọ sí, kìí ṣe orí kókó kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ń gbẹ ojú ẹ̀ jù ẹ fo ọjọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kó máa fọwọ́ fún irorẹ́ náà, torí lára àwa aláwọ̀ dúdú, irorẹ́ lè lọ lọ́sẹ̀ kan kí ojú àmì dúdú ẹ̀ wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ó kù nǹkan kan tí wọn kìí sábà sọ fúnni ní kẹ́mísìtì: oògùn yẹn máa ń bó aṣọ, nítorí náà táwẹ́ẹ̀lì funfun àti aṣọ ìrọ̀rí funfun ni kẹ́ ẹ lò fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó wọ yúnífọ́ọ̀mù.