Igi Kì í Di Òkúta: Bí Òkúta Ṣe Gba Ipò Ìtì Igi ní Arizona

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí pẹlẹbẹ igi-òkúta tí wọ́n ti dán tó ń kọ mànà, ohun tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Háà, igi di òkúta!" Àwọn tó ń tà á ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kó o jọ sílé náà ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ọkàn igi wà láàárín rẹ̀ gbangba. Kókó ibi tí ẹ̀ka ti yọ wà níbẹ̀. Nígbà míì, ihò tí kòkòrò lu sára igi náà nígbà ayé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ roboto. Ẹ wá fọwọ́ kàn án: ó tutù, ó le, ó wúwo gan-an. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ ju pé igi yìí ló yí padà?

Àmọ́ kò yí padà. Kò sí ohun tí igi ní lára tó lè fi sọ ara rẹ̀ di irú òkúta yẹn. Omi ló gbé òkúta wá bá a nínú ilẹ̀. Bí òkúta ṣe ń wọlé ni ara igi ń jáde. Bí èèyàn bá ti di èyí mú, àwọn nǹkan tó kù tó ń rú àwọn èèyàn lójú nípa rẹ̀ kò ní ṣòroó lóye mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni Petrified Forest National Park, ọgbà ìjọba kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ààrẹ Theodore Roosevelt ló fi àṣẹ dáàbò bo ibẹ̀ lọ́dún 1906, kó tó wá di ọgbà gbogbogbòò fún orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1962. Ilẹ̀ gbígbẹ ni lónìí, koríko díẹ̀díẹ̀, oòrùn ganrínganrín. Ṣùgbọ́n ní ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé ni ilẹ̀ yẹn wà, odò ńláńlá ń ṣàn kọjá níbẹ̀, igi gíga fíofío sì wà létí odò. Àwọn onímọ̀ pe ọ̀pọ̀ nínú igi náà ní Araucarioxylon arizonicum. Bí odò bá kún tó ya bèbè, igi á wó lulẹ̀, àgbàrá á gbé e, á máa fi gbá òkúta àti ìtì igi mìíràn títí èèpo àti ẹ̀ka á fi bó kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìtì igi tó wà níbẹ̀ fi wà ní ìhòòhò. Igbó (Forest) ni orúkọ ọgbà náà ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò hù síbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Omi ló kó wọn jọ síbẹ̀.

Ibi tí omi bá dà wọ́n sí, yanrìn àti ẹrẹ̀ á bò wọ́n mọ́lẹ̀ kíákíá. Bíbò yìí ló gbà wọ́n là, nítorí igi tó bá wà lójú ilẹ̀, kòkòrò àti olu ló máa jẹ ẹ́ tán. Lábẹ́ ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè dé, jíjẹrà ń falẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ náà sì ni eérú wà, eérú tí àwọn òkè ayọnáyèéfín tú sójú ọ̀run, tí atẹ́gùn àti odò gbé wá. Eérú yẹn kún fún sílíkà, ohun tí a fi ń ṣe dígí. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń yọ́ sílíkà yìí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gbé e wọ inú igi, torí pé àwọn ọ̀nà tín-ín-tìn-ìn-tín tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò nígbà tó wà láàyè ṣì ṣí sílẹ̀. Sílíkà á lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ọ̀nà yẹn, á dì, á le, á kún inú wọn. Bí ara igi bá sì ti ń rà, òkúta á máa jókòó sí ipò rẹ̀. Nígbà tó bá pẹ́, sílíkà náà á di kúọ́tísì, irú òkúta líle kan.

Irú ohun tí àwọn asùdẹ Ifẹ̀ àtijọ́ ń fọwọ́ ara wọn ṣe nìyẹn. Ìda ni wọ́n fi ń mọ orí náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á finá yọ́ ìda jáde, wọ́n á wá da idẹ sí ihò tó fi sílẹ̀. Imú, ètè àti ilà ojú á jáde bí wọ́n ṣe wà lára ìda, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìda ló di idẹ. Ti igi yàtọ̀ díẹ̀ ṣá o: kò sẹ́ni tó yọ́ ohunkóhun dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀ ń jáde, díẹ̀ ń wọlé, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí àjẹkù ara igi gan-an há sínú òkúta náà títí dòní.

Ẹ̀ka kejì ìgbàgbọ́ yìí ni pé dandan ni kí iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Rárá o. Pé nǹkan ti pẹ́ láyé kò sọ pé ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ní òkè ayọnáyèéfín Tateyama ní Japan, àwọn onímọ̀ so igi tútù sínú omi gbígbóná kan tí sílíkà pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 7, sílíkà tó ti wọ inú igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà kan náà, èèyàn lè fojú ara rẹ̀ rí igi páìnì tó ti kú lórí ìdúró létí omi gbígbóná, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀, nítorí sílíkà tó ti fà mu. Bó bá jẹ́ omi tútù ni, tí sílíkà inú rẹ̀ kò sì pọ̀, iṣẹ́ náà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má ṣe tìtorí èyí rò pé ti Arizona jẹ́ nǹkan àná o. Àwọn hóró òkúta kéékèèké inú eérú tó bò wọ́n ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n fi mọ ọjọ́ orí wọn.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń tàn wá jù. Pupa, òféèfèé, àwọ̀ àlùkò, dúdú, funfun, gbogbo rẹ̀ lè wà lójú pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Kò sí èyí tó jẹ́ àwọ̀ igi nínú wọn. Kúọ́tísì tí nǹkan kan kò dà pọ̀ mọ́ máa ń funfun. Irin tó wà nínú omi tó gbé sílíkà wá ló ń fún un ní pupa, òféèfèé àti àwọ̀ ilẹ̀, bí ìgbà tí irin bá dípẹtà. Èròjà tí wọ́n ń pè ní mángáníìsì sì máa ń mú dúdú wá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé pẹlẹbẹ òun pupa torí pé igi pupa ni wọ́n gé, ọjà ló ń tà.

Ohun kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ pẹlẹbẹ kì í fẹ́ gbọ́: nínú igi Arizona, ọ̀pọ̀ èyí tó ní àwọ̀ mèremère jù ló ti pàdánù ètò inú igi rẹ̀. Kúọ́tísì ti hù kọjá ààlà àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá tín-ín-tìn-ìn-tín tó para pọ̀ di ara igi, ó ti pa wọ́n rẹ́. Ìrísí òde ìtì igi nìkan ló kù. Èyí tó rí pákápáká, tó rí bí eérú, tí ẹlòmíì máa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, lè jẹ́ èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì tò lẹ́sẹẹsẹ tí onímọ̀ nípa ewéko fi lè mọ irú igi tó jẹ́. Ní tèmi, èyí tí kò lẹ́wà yẹn ni mo máa gbé.

Ìbéèrè tí àwọn àlejò tún máa ń bi òṣìṣẹ́ ọgbà náà ni pé ta ló fi ayùn gé àwọn igi yìí. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìtì kan á na gbalaja sílẹ̀, ó ti já sí gíge gíge, ojú ibi tó ti já tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé sọ́mìlì ló ti jáde. Kò sẹ́ni tó gé e. Kúọ́tísì le gan-an, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń já. Nígbà tí ilẹ̀ agbègbè yẹn ń ru sókè, tí ẹrẹ̀ tó bo àwọn ìtì náà ń sún, òkúta gígùn tí kò lè tẹ̀ já gbòó ní ìbú. Bó bá jẹ́ pákó ni, ì bá fà ya ní òró rẹ̀ ni. Ayùn irin káfíńtà pàápàá kò lè ran kúọ́tísì, torí kúọ́tísì le ju irin lọ. Àwọn tó ń la pẹlẹbẹ fún títà, ayùn tí wọ́n lẹ dáyámọ́ńdì mọ́ létí ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó máa fi iyẹ̀pẹ̀ líle dán an. Iṣẹ́ yẹn ni ẹ ń san owó gọbọi fún.

Ó wúlò fún àwọn tó ṣáájú wa náà. Ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kó àwọn gíge tó ti já fúnra wọn jọ, wọ́n fi kọ́ ilé oníyàrá 8 tí à ń pè ní Agate House, tó wà nínú ọgbà náà títí dòní. Lẹ́yìn ọdún 1890, àwọn kan tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá sí tòsí ibẹ̀ láti máa fọ́ àwọn ìtì náà túútúú, kí wọ́n lè tà á bí ohun tí a fi ń ha nǹkan. Ìwà ọ̀bàyéjẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn ará ibẹ̀ ké sí ìjọba.

Pé èèyàn tàbí igi lè di òkúta kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì níbi kankan. Lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn Navajo sọ pé egungun òmìrán kan tí wọ́n pa ni àwọn ìtì yẹn; àwọn Paiute sọ pé igi ọfà Shinauv, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà wọn, ni. Àwa náà ní tiwa. Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tó lé ní 1,000 ni wọ́n bá nínú igbó, ìtàn ìlú sì sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. N kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn nù. Ohun tí mo kọ̀ ni kí á máa fi ìtàn ṣe sáyẹ́ǹsì lórí káàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà.

Ègún tí wọ́n ní ó wà lára òkúta náà ńkọ́? Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú òkúta kúrò nínú ọgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi há àpò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti dá a padà nípasẹ̀ ìwé ránṣẹ́: iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyàwó ti lọ, àìsàn dé, wọ́n sì ní òkúta ló fà á. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mú òkúta náà. Ìṣòro tòótọ́ ni pé òkúta tí wọ́n dá padà kò wúlò fún ìwádìí mọ́. Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣà á, àwọn òṣìṣẹ́ kò lè dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣa tirẹ̀ láìjalè lè lọ sí àwọn ilẹ̀ ìjọba mìíràn ní Amẹ́ríkà tó gba èèyàn láyè láti mú nǹkan bí kílò 11 àti ẹyọ kan sí i lóòjọ́, tí kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí kílò 113 lọ lọ́dún, tí kò sì gbọ́dọ̀ tà á. Ọ̀pọ̀ pẹlẹbẹ àti àpótí ìjókòó tó wà lọ́jà, Indonesia àti Madagascar ni wọ́n ti ń wá.

Nílé wa ńkọ́? Ẹlòmíì á rí òkúta onílà-ìlà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, dúdú àti funfun tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà inú pákó, á ní òun ti rí igi-òkúta. Òkúta tí iná àti ìwúwo ilẹ̀ pọn ni, ilà rẹ̀ kò sì kan igi rárá. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo orí rẹ̀: ojúlówó á fi sẹ́ẹ̀lì kéékèèké hàn, bí kúọ́tísì kò bá tíì pa wọ́n rẹ́, èyí á fi hóró òkúta nìkan hàn. Ọjọ́ orí rẹ̀ pàápàá kò bá a mu, nítorí òkúta Olúmọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún, nígbà tí igi àkọ́kọ́ láyé kò tíì tó 400 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá fẹ́ wá igi-òkúta ní Nàìjíríà, ilẹ̀ òkúta oníyanrìn ní òkè àríwá, bíi agbègbè Gombe àti Sókótó, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.