Ẹ Má Fi Epo Pa Régúlétọ̀ Gáàsì Yín

Iná gáàsì ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ń fò sókè, ó ń wálẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú. Ó ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó dé, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti da epo ẹ̀ńjìnì sórí régúlétọ̀, irin ẹnu sílíńdà tó ń dín agbára gáàsì kù, ó ní bóyá ó gan ni. Mo fi ìka nu ẹ̀yìn rẹ̀: epo, eruku àti àbẹ́là tó ti yọ́ ti para pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú. Mo ń wá ihò kan níbẹ̀, mi ò rí i.

"Bọ̀dá onígáàsì, ihò wo lẹ̀ ń wá?"

"Imú rẹ̀ ni, Màámi."

Mi ò fi ṣàwàdà. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú régúlétọ̀, sípírìngì jókòó lé e, ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí gáàsì bá wá jù, á ti awọ yẹn sókè, ilẹ̀kùn á pa dé díẹ̀. Bó bá dín, sípírìngì á tì í wálẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Kí awọ yìí tó lè gòkè sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè jáde, kó sì ráyè wọlé. Iṣẹ́ ihò náà nìyẹn. Agbára gáàsì inú sílíńdà ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n èyí tí régúlétọ̀ inú ilé ń jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ bọ́nà, ibi tí iná ti ń jó, kò ju nǹkan bíi mílíbáà 30. Bí ẹ bá ní kó gbé omi sókè nínú ọ̀pá tín-ínrín, ibi tí rúlà ọmọ iléèwé bá gùn dé ló máa gbé e dé. Nǹkan tó rọ̀ tó báyìí, ìdọ̀tí tín-ń-tín ti tó láti dà á rú.

Nítorí náà, ẹ ti sílíńdà pa, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ, tí ẹ fún dáadáa, nu ara régúlétọ̀. Ẹ má rì í bọ omi. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá ojú ihò. Bí kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé bá ti dí i wọnú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, ẹ ó lu awọ náà ni. Ẹ ra tuntun.

Ẹ̀yin aládìrẹ, kọ́sítíìkì tí ẹ ń pò mọ́ aró ń jẹ síńkì àti alumíníọ̀mù, ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ régúlétọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí i tó ń hu funfun bí ẹfun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ́nà rọrùn: omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì, kó gbẹ dáadáa. Idẹ ni ẹnu kékeré tí gáàsì ń gbà tú jáde, idẹ sì rọ̀. Ẹni tó bá fi ìṣó gún un ti sọ ihò di ńlá: gáàsì á pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó ń bá a pò, iná á pọ́n, ìkòkò á dúdú. Ẹyọ irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan ti tó.

Ẹ tẹ rọ́bà gáàsì wò, bóyá ó ti sán tàbí eku ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ kun gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń fi ìṣáná wá a. Irú ìgboyà yẹn ò yé mi! Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sá sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kan ṣúìṣì.

Ti àwọn wẹ́dà wa ní Láfẹ́nwá tún le jù. Bí epo tàbí gíríìsì bá kan régúlétọ̀ ọ́síjìn, ó lè gbiná láìsí ìṣáná rárá.

Mo bá Màámi so tuntun mọ́ sílíńdà, mo sì gbé e jìnnà sí ìkòkò àbẹ́là. Ó ní ṣé kí òun fi ọ̀rá wé e kó má baà dọ̀tí. Mo ní rárá o, ẹ fi pákó dí i lójú aró, kí ihò rẹ̀ sì máa wo ilẹ̀.