Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ antibáyótíìkì sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó wà lórí fẹ̀ntílétọ̀

Ẹni tó wà lórí fẹ̀ntílétọ̀, ẹ̀rọ tó ń báni mí, tí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ lọ́fun ní ICU, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ò lè wúkọ́ bó ṣe yẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kàn jókòó síbẹ̀, kòkòrò á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yọ́ wọlé, tó bá fi lé lọ́jọ́ méjì òtútù àyà lè ti dé. Wọ́n á fún un ní antibáyótíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò, gba inú dírípù, ó dáa, àmọ́ irú antibáyótíìkì bí amikacin àti colistin, díẹ̀ ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n bá sì ní kí àwọn fi kún un, kíndìnrín ló máa jìyà ẹ̀, amikacin tiẹ̀ lè ba etí jẹ́ pẹ̀lú. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di kùrukùru nìyẹn, kó lọ bá kòkòrò níbi tó wà gan-an.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé oògùn máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, iye tí dókítà kọ kọ́ ló ń wọlé. Ẹ̀kán rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín máíkírónì 1 sí 5 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), èyí tó bá tóbi á lẹ̀ mọ́ ibi tí rọ́bà ti kọ́. Nébúláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di kùrukùru, èyí tó ní awẹ́ onihò wínníwínní tó ń gbọ̀n ló dáa jù, torí èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́ oògùn púpọ̀ kù sínú ife. Ara rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Nọ́ọ̀sì á pa ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rinrin sí afẹ́fẹ́ torí omi máa ń mú ẹ̀kán oògùn wú, wọ́n á dín eré afẹ́fẹ́ kù kó rọra wọlé kó dúró díẹ̀ kó tó jáde. Tó bá tán, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rántí tan ẹ̀rọ ọ̀rinrin yẹn padà o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gan dí rọ́bà, kó sì pààrọ̀ fíltà ibi tí èémí ń gbà jáde, torí oògùn máa ń dí òun náà, aláìsàn ò wá ní lè mí síta.

Ní Faransé, ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi amikacin tí wọ́n sọ di kùrukùru yìí dènà òtútù àyà, ọjọ́ 3 péré ni wọ́n fi fún wọn: nínú 100, nǹkan bí 15 ló kó o, nígbà tó jẹ́ 22 láàárín àwọn tó gba omi iyọ̀ lásán. Fún ẹni tó ti kó o tán, ìwádìí INHALE fi amikacin kún ti dírípù, iye tó kú ò dínkù. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sábà máa ń fi í pamọ́ de kòkòrò tí oògùn míì ò ràn mọ́.