Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Àwọn Olùtọ́jú Ìmọ́tótó Eyín Nílé Ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lọ sílé ìwòsàn eyín ní Amẹ́ríkà ló ń rò pé dókítà ló máa fọ eyín àwọn. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n fún nǹkan bíi wákàtí kan, tó máa ya X-ray, tó máa wọn erìgì wọn yíká, tó sì máa ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín kúrò, olùtọ́jú ìmọ́tótó eyín ni. Dental hygienist ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ìdánwò tirẹ̀ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀. Téèyàn bá wò ó láti orí àga aláìsàn, ó lè jọ eyín fífọ̀ lásán, àmọ́ abẹ́ erìgì, níbi tí ojú ò lè dé, ni iṣẹ́ wọn gan-an wà. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ wọn dorí kọ.

Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Dókítà eyín kan níbẹ̀, Alfred Fones, gbà pé ìmọ́tótó lè dènà púpọ̀ nínú àrùn tí àwọn dókítà ń fi gbogbo ọjọ́ tọ́jú. Ní 1906, ó kọ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Irene Newman, tó tún jẹ́ ìbátan rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ha eyín tí wọ́n sì ń dán an. Nígbà tó di 1913, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí, obìnrin 27 ló sì jáde níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Bridgeport, wọ́n ń fọ eyín àwọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìkọ́ni ti so pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà lé ní 300. Associate degree ni oyè tó kéré jù tó lè múni dénú iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ téèyàn bá ka àwọn kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbà á wọlé mọ́ ọn, ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́ta. Kẹ́mísírì wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara wà níbẹ̀, ti kòkòrò àìfojúrí náà sì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ti bachelor's, òun ló ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ará ìlú. Ìwé àṣẹ kan náà ni oríṣi méjèèjì ń gbà.

Tí wọ́n bá wọlé tán, orí àti ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́: eegun, iṣan, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àti iṣan ìmọ̀lára karùn-ún inú orí, èyí tó ń gbé ìrora eyín lọ sínú ọpọlọ. Wọ́n ń kọ́ ìrísí eyín kọ̀ọ̀kan, láti nọ́ńbà 1 tó wà lẹ́yìn pátápátá lókè lápá ọ̀tún, títí dé nọ́ńbà 32 tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún kan náà. Gbòǹgbò ni wọ́n ń tẹnu mọ́ jù. Eyín iwájú sábà máa ń ní gbòǹgbò kan, eyín ńlá tó wà lẹ́yìn lókè sábà máa ń ní mẹ́ta, ibi tí gbòǹgbò sì ti pín ni ìdọ̀tí máa ń fara pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ bí gbòǹgbò ṣe tẹ̀ kò lè mọ ibi tó yẹ kí irin gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti kòkòrò. Ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ eyín kì í ṣe oúnjẹ tó ṣẹ́ kù. Kòkòrò àìfojúrí tó kóra jọ ni. Tí àwọn kan nínú wọn, irú bíi Streptococcus mutans, bá rí ṣúgà, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì. Tí pH ẹnu, ìyẹn òǹkà tó máa ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀, bá sì dé nǹkan bíi 5.5, òde eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ló ń dá ẹnu padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó nílò àkókò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n béèrè iye ìgbà téèyàn ń fẹnu kan ohun dídùn lójúmọ́, kì í ṣe iye ṣúgà nìkan. Ẹni tó ń fa ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kò fún itọ́ rẹ̀ láyè rárá.

Ní ti erìgì, ìwádìí kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí kì í fò. Ní 1965, Harald Löe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, ní kí àwọn èèyàn tí erìgì wọn dá ṣáṣá, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín, jáwọ́ nínú eyín fífọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, erìgì gbogbo wọn ti wú, ó ti pọ́n. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín, ó san. Ohun tó fi hàn ni pé erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àmúwá ọjọ́ orí, ó sì ṣeé wò sàn. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí tó fi jẹ eegun tó gbé eyín dúró, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, torí eegun yẹn kì í fúnra rẹ̀ hù padà. Kí àrùn má bàa kọjá ààlà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà fún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti kọjá? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fàlà mìlímítà sí lára. Wọ́n á rọra tì í sáàárín eyín àti erìgì títí tó fi dúró, wọ́n á sì ka nọ́ńbà. Ibi mẹ́fà ni wọ́n ń wọ̀n lára eyín kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lápá òde, mẹ́ta lápá inú. Ẹni tó bá ní eyín 28 lẹ́nu, ìwọ̀n 168 nìyẹn. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Láti 4 sókè, ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀. Wọ́n tún ń kọ ibi tó bá ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti eyín tó bá ń mì. Ó rọrùn láti sọ, àmọ́ ó ń gba oṣù púpọ̀ kó tó mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, torí tó bá tẹ̀ ẹ́ jù, á gún ẹran, nọ́ńbà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, àrùn á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Irin mìíràn tún wà tó tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ mú. Bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá mọ ọ̀nà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í mọ abẹ́ erìgì: ibi tó bá ń yọ̀ mọ́, ibi tó bá ń ha, ìdọ̀tí tó ti di òkúta ló wà níbẹ̀. Àwọn irin tí wọ́n fi ń ha á wá pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Gracey, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà dá mọ̀. Ti 11/12 wà fún apá eyín ẹ̀yìn tó kọjú síwájú ẹnu, ti 13/14 sì wà fún apá tó kọjú sí ọ̀fun. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irin mú, bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan dúró lórí eyín mìíràn kí ọwọ́ má bàa yọ̀, igun tó yẹ kí ẹnu irin fi kan gbòǹgbò, àti bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, nítorí irin tó bá kú á kàn dán ìdọ̀tí náà ni, kò ní ká a kúrò. Ẹ̀rọ tó ń fi ìgbọ̀nrìrì àti omi fọ́ ìdọ̀tí náà wà pẹ̀lú, síbẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ ohun tó ń wá, ẹ̀rọ ò lè bá a wá a.

Orí eyín àtọwọ́dá ni ìdánrawò ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ṣe é fún ara wọn, kí kálukú lè mọ bí irin ṣe ń rí lẹ́nu ẹni. Ìgbà tó bá yá ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ará ìlú ní ilé ìwòsàn tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí owó kì í ti í pọ̀, tí olùkọ́ sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ọmọdé, àgbàlagbà, àti ẹni tí ìdọ̀tí rẹ̀ ti le gan-an.

Kí irin tó wọ ẹnu ẹnikẹ́ni, wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn ara rẹ̀. Apá yìí lè jọ ohun tí kò kan eyín, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí kò ṣẹ́pá rẹ̀, erìgì rẹ̀ tètè ń bàjẹ́, erìgì tó bàjẹ́ náà sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn apakòkòrò ṣáájú, kí kòkòrò ẹnu má bàa gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi nifedipine àti amlodipine lè mú kí erìgì máa hù bo eyín; phenytoin tí wọ́n ń lò fún wárápá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ń lo amlodipine lójoojúmọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn dúró o. Kí wọ́n sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún wọn ni.

Wọ́n tún ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá àmì jẹjẹrẹ: wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tẹ ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n bóyá kókó kan wú. Egbò tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jiná, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

X-ray ní kọ́ọ̀sì tirẹ̀, látorí bí wọ́n ṣe ń yà á dórí bí wọ́n ṣe ń dín ìtànṣán tó ń kan aláìsàn kù. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìmọ̀lára náà wà nínú ẹ̀kọ́, ìpínlẹ̀ Washington ló sì kọ́kọ́ fàyè gbà á fún wọn ní 1971. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ ni ìṣirò ti ń wọ̀ ọ́: lidocaine, ìyẹn oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, tó bá jẹ́ ìdá 2 nínú 100 túmọ̀ sí mìlígíráàmù 20 nínú mìlílítà kan, nítorí náà mìlílítà 1.8 jẹ́ mìlígíráàmù 36, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ iye tí ara ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lè gbà. Ní ti pípa kòkòrò lára irin, wọn kì í gba àwáwí kankan: irin á wọ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, wọ́n á sì máa dán ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìkọ́ni tí Fones fi lélẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ nípa fífi fluoride, èròjà tó ń mú kí eyín le, sínú omi ẹ̀rọ, èyí tí ìlú Grand Rapids ní Michigan kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lágbàáyé ní 1945. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láìdójú tì í. Ẹni tí wọ́n bá bú nítorí ẹnu rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Wọ́n á béèrè ohun tó ń lò nílé, wọ́n á jẹ́ kó ṣe é lójú wọn, wọ́n á wá tún un ṣe láti ibẹ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ Yorùbá tó ń run orin ata, ohun tó tọ́ ni kí wọ́n wo bó ṣe ń lò ó, bóyá ó ń dé ìdí eyín àti ẹ̀yìn ẹnu, kì í ṣe kí wọ́n ní kó jù ú nù.

Ìdánwò àpapọ̀ tó ń kádìí rẹ̀ ní apá méjì, ọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, èkejì lórí ìtàn aláìsàn tí wọ́n fi X-ray àti ìwọ̀n erìgì rẹ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá tún béèrè. Òfin ìpínlẹ̀ ló ń sọ bí ọwọ́ wọn ṣe lè gùn tó. Ní Colorado, láti 1987 ni wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ láìsí dókítà lórí wọn. Níbòmíràn, dókítà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé.

Ní Nàìjíríà, dental therapist ni orúkọ iṣẹ́ tó sún mọ́ èyí jù, ó sì ní ìgbìmọ̀ ìjọba tirẹ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe é nílé tó wá fẹ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ tí CODA, àjọ tó ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ eyín wò níbẹ̀, fọwọ́ sí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè, èyí sì sábà máa ń túmọ̀ sí pé kó tún padà jókòó ní kíláàsì. Florida yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó bá jẹ́ dókítà eyín láti òkè òkun lè gbìyànjú ìwé àṣẹ olùtọ́jú ìmọ́tótó eyín níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ilé ẹ̀kọ́, kó kọ́kọ́ wá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú àkọsílẹ̀ CODA, kó sì bi àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé bóyá wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.