Kí ló gbé ilé òòṣà dé ẹsẹ̀ òkè yìnyín? Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa Kedarnath

Ní àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Híńdù kan wà lábẹ́ àwọn ṣóńṣó òkè Himalaya tí yìnyín kì í tán lórí wọn. Kedarnath ni wọ́n ń pè é. Ó fi mítà 3,583 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, ọ̀nà mọ́tò ò dé ẹnu rẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́fà nínú ọdún ni wọ́n sì máa ń tì í pa. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, àwọn tó lọ síbẹ̀ lọ́dún 2023 nìkan ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá délẹ̀ rèé.

Ṣé kò síbòmíì tí wọ́n lè kọ́ ọ sí ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n rò pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ kọ́ tẹ́ḿpìlì ni, wọ́n wá ń wá ilẹ̀ kiri, wọ́n sì lọ yan èyí tó le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòṣà ló ti wà níbẹ̀, ilé ló wá bá a. Nínú yàrá inú lọ́hùn-ún, ẹ ò ní rí ère tí ẹnì kan jókòó gbẹ́. Àpáta kan ló yọ látinú ilẹ̀, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó ṣe ṣóńṣó lókè, tí ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Àwọn olùjọsìn á bu gíì, ìyẹn bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́, sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa fi pa á lára bí ìyá ṣe ń fi òrí pa ọmọ tuntun. Ara òkúta náà á máa dán, ọwọ́ gbogbo wọn á máa yọ̀. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ ò ṣeé hú gbé lọ sí ìgboro.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ tẹ̀lé ogun Kurukshetra, níbi tí àwọn ọmọ Pandu márùn-ún ti bá ẹbí wọn jà. Wọ́n ṣẹ́gun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹbí wà lọ́rùn wọn. Wọ́n bá ń wá Shiva, òòṣà ńlá tí wọ́n ń bọ ní Kedarnath, kiri kó lè forí jì wọ́n. Shiva ò fẹ́ fojú kàn wọ́n rárá. Ó gba orí òkè lọ, ó para dà di akọ màlúù, ó sì kó sáàárín agbo. Bhima, tó sígbọnlẹ̀ jù nínú wọn, gbẹ́sẹ̀ kan lé òkè kan, ó gbé èkejì lé òkè kejì, ó ní kí wọ́n máa da màlúù gba abẹ́ òun kọjá. Gbogbo wọn kọjá, ọ̀kan kọ̀. Òòṣà wo ni yóò gba abẹ́ ìtan èèyàn kọjá? Bí àṣírí ṣe tú báyìí, akọ màlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ lọ, Bhima sì rọ̀ mọ́ iké ẹ̀yìn rẹ̀. Iké yẹn ló kù sókè ní Kedarnath. Ìyókù ara yọ níbòmíràn: apá ní Tungnath, ojú ní Rudranath, ìdodo ní Madhyamaheshwar, irun orí ní Kalpeshwar. Àwọn márààrún ni wọ́n ń pè ní Panch Kedar, agbègbè olókè kan náà ni gbogbo wọn sì wà.

Ẹ wò ó dáadáa, òòṣà tó ń sá fún èèyàn ni ìtàn yìí ń sọ. Tó bá wá rọrùn láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìtàn náà ò pé mọ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn arúgbó kan fi máa ń kọ̀ láti gun ẹranko, tí wọ́n á ní ẹsẹ̀ làwọn máa fi rìn ín, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Kedarnath nìkan kọ́ ló rí báyìí. Ní Amarnath, ní agbègbè Jammu àti Kashmir, inú ihò àpáta kan tó fi mítà 3,888 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ni wọ́n ń lọ. Omi tó ń kán níbẹ̀ ló ń dì, tó ń ga sókè, tó ń di òpó. Òpó omi dídì yẹn gan-an ni wọ́n ń lọ kí. Tí ooru bá mú, á yọ́. Ta ni yóò gbé ìyẹn wá sí Delhi?

Ta ló wá kọ́ ilé náà?

Àwọn olùjọsìn ní àwọn ọmọ Pandu ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n ní Adi Shankara ló wá tún un kọ́. Ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ni Shankara, ọmọ Kerala ní ìsàlẹ̀ gúúsù Íńdíà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ló gbé láyé. Wọ́n ní ẹni ọdún 32 ni nígbà tó pa ipò dà ní Kedarnath, ibi ìrántí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, ará gúúsù náà ni olórí àlùfáà ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rawal: àárín àwọn Veerashaiva, ìyẹn ìjọ àwọn olùjọsìn Shiva kan, ti ìpínlẹ̀ Karnataka ni wọ́n ti ń mú un. Láti Karnataka dé Himalaya, gbogbo gígùn Íńdíà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀.

A gbọ́ pé ẹ̀kún omi gbá gbogbo ìlú lọ, tẹ́ḿpìlì nìkan ló ṣẹ́kù. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: omi gbá púpọ̀ nínú ìlú lọ, tẹ́ḿpìlì sì dúró, ṣùgbọ́n àwọn ilé díẹ̀ mìíràn náà ṣẹ́kù. Ní àárín oṣù kẹfà ọdún 2013, òjò tó lágbára gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò sì dá. Lókè tẹ́ḿpìlì, adágún omi kan wà tó ń jẹ́ Chorabari. Ohun tó dá omi náà dúró ò ju òkìtì òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tí yìnyín ti rọra ń tì jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, omi àkọ́kọ́ já wọ ìlú. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, òkìtì náà ya, gbogbo omi adágún sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti àpáta. Ó wó òtẹ́ẹ̀lì, ó kó ṣọ́ọ̀bù. Rambara, abúlé tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń sinmi lójú ọ̀nà, pa rẹ́ pátápátá. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 5,000.

Tẹ́ḿpìlì ńkọ́? Àpáta ràgàjì kan bá omi náà wá láti òkè, ó sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Omi forí sọ ọ́, ó pín sí méjì, ó gba ọ̀tún gba òsì kọjá. Bhim Shila, ìyẹn òkúta Bhima, ni wọ́n ń pè é báyìí, àwọn èèyàn sì ti ń forí balẹ̀ fún òun náà.

Onígbàgbọ́ á ní òòṣà ló gbé e síbẹ̀, mi ò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Ògiri tẹ́ḿpìlì náà nípọn, òkúta ńláńlá ni wọ́n tò léra, orí pèpéle ló sì wà. Àwọn ilé tó yí i ká jẹ́ ilé ìgbàlódé tí wọ́n sáré kọ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà lójú ibi tí odò ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ kó tó yà kúrò. Odò padà wá gba ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ò kọ́ ìlú síbẹ̀, ilé òkúta kan ni wọ́n kọ́ fún òòṣà. Àwọn tó dé lẹ́yìn ló fi òtẹ́ẹ̀lì yí i ká.

Nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ibo ni òòṣà máa ń wà?

Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀. Àpáta inú yàrá ò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n á fi eérú àti òdòdó bò ó, wọ́n á tan fìtílà sílẹ̀, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbà pé fìtílà yẹn kì í kú títí wọn yóò fi padà wá ṣí i. Èyí tó ń rìnrìn-àjò ni ère òòṣà tí wọ́n ń gbé sínú àga aláṣọ àti òdòdó tí wọ́n ń pè ní doli. Tẹ́ḿpìlì Omkareshwar ní ìlú Ukhimath ló máa ń wà ní gbogbo ìgbà òtútù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ ọ́.

Ọjọ́ títì ò yí padà: ọjọ́ Bhai Dooj ni, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún iná Diwali, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ọjọ́ ṣíṣí la máa ń dúró gbọ́. Ní ọjọ́ Maha Shivaratri, ìyẹn ọdún ńlá Shiva, àwọn àlùfáà á jókòó ní Ukhimath, wọ́n á yẹ kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn wò, wọ́n á sì kéde ọjọ́ náà fáyé gbọ́. Ó sábà máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún. Doli náà á wá gbéra. Á sùn ní Guptkashi, á sùn ní Phata, á sùn ní Gaurikund, kó tó dé Kedarnath. Láìwọ bàtà ni àwọn tó ń rù ú ṣe ń rìn, kódà bí yìnyín bá ṣì wà lójú ọ̀nà. Àwọn ológun máa ń fọn fèrè níwájú wọn, àwọn ará abúlé á sì jáde wá wúre.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?

Láti Delhi, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Haridwar. Láti ibẹ̀ tàbí Rishikesh, mọ́tò ló kù, ó lé ní 200 kìlómítà lójú ọ̀nà tó ń ṣẹ́kọrọ lára òkè. Ẹ óò gba Devprayag kọjá, níbi tí odò Alaknanda àti Bhagirathi ti pàdé tí wọ́n sì di Ganga. Mọ́tò ńlá ò kọjá Sonprayag. Jíìpù ló ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí Gaurikund, kìlómítà márùn-ún péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹsẹ̀: nǹkan bíi kìlómítà 16, òkè ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ ò gbé lè gun ìbaaka, tàbí kó jókòó sórí àga tí ọkùnrin mẹ́rin ń rù léjìká. Àwọn kan tún wà tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn èèyàn sẹ́yìn bí ọmọ, àti àgbàlagbà o. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: ìbaaka ló ba ọ̀nà yẹn jẹ́ jù. Ìgbẹ́ wọn á pò mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n á máa ti ẹlẹ́sẹ̀ sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi iṣẹ́ àṣekú kú lọ́dọọdún. Tí ẹ bá gbọ́ ṣaworo lẹ́yìn yín, apá òkè ni kí ẹ yà sí, ẹ má yà sí apá ọ̀gbun.

Hẹlikọ́pítà wà láti Guptkashi, Phata àti Sersi, ṣùgbọ́n kò sí ìdánilójú nínú kùrukùru orí òkè. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà 2025, ọ̀kan já nítòsí Gaurikund, èèyàn méje ló kú. Lóṣù kẹta ọdún kan náà, ìjọba Íńdíà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe ọkọ̀ orí okùn láti Sonprayag dé Kedarnath, kìlómítà 12.9, tí wọ́n ní yóò sọ ìrìn wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án di ìṣẹ́jú 36. Inú àwọn aláìlera á dùn. Ohun tí yóò ṣe sí òòṣà tó ń sá fún èèyàn ni mò ń rò ní tèmi.

Ṣé èémí ò ní gbẹ èèyàn lókè yẹn?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn tí ẹ óò rí mí níbẹ̀ tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun. Ẹ̀fọ́rí, èébì àti àìróorunsùn ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Gaurikund ò ga tó mítà 2,000, ẹni tó bá sì gòkè lọ́jọ́ kan ti fi mítà tó lé ní 1,500 gòkè. Ó pọ̀ jù fún ara. Ẹ sinmi ọjọ́ kan ní Guptkashi tàbí Sonprayag, ẹ rọra rìn, ẹ máa mu omi. Bí orí fífọ́ bá ń le sí i, tàbí tí ẹni náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sáré gbé e lọ, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o.

Ṣé ẹni tí kì í ṣe Híńdù lè wọlé?

Ó yàtọ̀ láti tẹ́ḿpìlì sí tẹ́ḿpìlì. Jagannath ní Puri ò gba ẹlẹ́sìn mìíràn wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ńlá Pashupatinath ní Nepal. Ẹ béèrè òfin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kedarnath lásìkò tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Uttarakhand ṣáájú, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Kò sí ẹran, kò sí ọtí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ṣíṣàn lẹ ó máa jẹ, tíì gbígbóná, àti Maggi, tó jẹ́ pé núdùùsù ni tiwọn, kì í ṣe èyí tí à ń fi sebẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Íńdíà ò fi ìyẹn ṣeré: wọ́n lè sé yín mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ní pápákọ̀ òfurufú. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó balẹ̀.

Tí Kedarnath bá le jù ńkọ́?

Tungnath ni mo máa ní kí ẹ lọ. Ó ga ju Kedarnath lọ díẹ̀, wọ́n sì kà á sí tẹ́ḿpìlì Shiva tó ga jù láyé, ṣùgbọ́n láti Chopta, ìrìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin lọ, orí òkúta tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Lọ́dún 2023, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Íńdíà rí i pé ilé náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bíi dìgírì márùn-ún sí mẹ́fà, nítorí náà ẹ má fara ti ògiri rẹ̀. Òun náà máa ń tì nígbà òtútù. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni kí ẹ yẹra fún, torí òjò máa ń já òkè lulẹ̀ dí ọ̀nà. Oṣù karùn-ún dára, ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá sì dára jù ú lọ, torí ojú ọ̀run máa ń mọ́ kedere, èrò ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.