Hypothalamus: ta ló ní kí ara máa gbọ̀n?

Ẹ fọwọ́ kan ọmọ tí ibà ń ṣe, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ gbóná janjan. Ọmọ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Òtútù ló ní ó ń mú òun. Ó ká kò sábẹ́ aṣọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó tún ní kí wọ́n wá aṣọ mìíràn bo òun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ẹnìkan ń parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bóyá ọwọ́ ìyá mi tó ní ara mi ń jó, bóyá èmi tí mo ní òtútù ń pa mí. Kò sí ẹni tó parọ́. Ibì kan nínú ọpọlọ ló yí òdiwọ̀n padà, hypothalamus sì ni orúkọ ibẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Thalamos ni ìyẹ̀wù, hypo ni abẹ́. Abẹ́ ìyẹ̀wù ni wọ́n pè é, nítorí pé ó wà lábẹ́ apá ọpọlọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní thalamus. Bí ẹ bá fi ahọ́n kan àjà ẹnu yín lápá ẹ̀yìn, ó wà lókè ibẹ̀, lẹ́yìn ojú méjèèjì. Kò ju awẹ́ obì kan lọ. Nínú ọpọlọ tó ń lọ bíi gírámù 1,400, gírámù 4 péré ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá wò. Ṣé ó gbóná jù? Ṣé iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù? Ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀? Ní ti ooru, nǹkan bí 37 lórí òdiwọ̀n Celsius ni ó fẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ní kí òógùn máa jáde. Bó bá tutù, á ní kí ẹran ara máa gbọ̀n, nítorí gbígbọ̀n náà ń mú ooru wá, bí ọwọ́ tí a fi ń ra ara wọn nígbà ọyẹ́. Tí kòkòrò ibà bá wá wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á figbe ta. Igbe yẹn á mú kí ara ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, òun ló sì máa ń jẹ́ kí hypothalamus gbé òdiwọ̀n rẹ̀ kúrò lórí 37, bóyá lọ sórí 39. Lójú rẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ tó wà ní 37 ti tutù jù. Ló bá pàṣẹ pé kí ara máa gbọ̀n, òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sókè.

Paracetamol kì í fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín prostaglandin yẹn kù, òdiwọ̀n á padà sí 37, ara tó wà ní 39 á wá rí i pé òun gbóná ju bó ti yẹ lọ, ni òógùn á bá dà bo ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi máa ń mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí òógùn níwájú orí ọmọ. Ó tún jẹ́ ká mọ ìdí tí paracetamol kì í fi í wúlò fún ẹni tí oòrùn pa títí tó fi ṣubú. Hypothalamus tirẹ̀ kò yí òdiwọ̀n kankan padà, ooru ìta ló borí rẹ̀. Omi tútù, ibòji àti fáànù ló nílò, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yà ara kan tó rí bí ẹyọ ẹ̀wà kan rọ̀ mọ́ hypothalamus nísàlẹ̀. Pituitary ni. Ìwé tí a fi kọ́ wa níléèwé girama pè é ní ọ̀gá gbogbo ẹ̀yà tó ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Èmi ò gbà. Ọ̀gá wo ló ń dúró de ẹlòmíràn kó tó lanu? Agbẹnusọ ni pituitary, hypothalamus ló ń sọ ohun tí yóò sọ fún un. Họ́mọ̀nù fúnra rẹ̀ kò sì ju iṣẹ́ tí a rán gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ: gbogbo ara ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí a rán an sí nìkan ló ń jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi gẹ̀gẹ̀ wò ó. Thyroid wà lọ́rùn wa, òun ló ń pinnu bí ara ṣe ń yára sọ oúnjẹ di agbára àti ooru. Hypothalamus á rán họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ TRH sí pituitary, pituitary á rán òmíràn tó ń jẹ́ TSH sí thyroid, thyroid á wá tú họ́mọ̀nù tirẹ̀. Bí èyí bá ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn méjì òkè yẹn á mọ̀, wọ́n á sì dẹwọ́. Ṣùgbọ́n áyódìnì ni thyroid fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí áyódìnì kò bá ti sí nínú oúnjẹ, họ́mọ̀nù rẹ̀ kò ní tó. Àwọn tòkè á ránṣẹ́, wọn ò ní rí èsì. Wọ́n á tún ránṣẹ́, wọn ò tún ní rí èsì. Thyroid ń gbọ́ o, kò kàn ní ohun tó máa fi ṣiṣẹ́ ni, ló bá ń wú, ló ń wú, títí ọrùn á fi yọ gọngọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń fi áyódìnì sí ló mú kí irú gẹ̀gẹ̀ yẹn dín kù. Gẹ̀gẹ̀ mìíràn wà tí ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, dókítà ló lè sọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Nígbà kan, àbá lásán ni pé hypothalamus ń ránṣẹ́ sí pituitary. Onímọ̀ méjì, Roger Guillemin àti Andrew Schally, ló wá ẹ̀rí rẹ̀ kàn, wọ́n sì ń bá ara wọn du ú ni, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Guillemin ń kó ọpọlọ àgùntàn jọ, Schally ń kó ti ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye, nítorí pé ìwọ̀nba TRH tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Ọdún 1969 ni àwọn méjèèjì tú TRH palẹ̀. Ní 1977, wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ebi náà ń gba ọ̀dọ̀ hypothalamus kọjá. Ọ̀rá ara máa ń tú họ́mọ̀nù kan tó ń jẹ́ leptin, èyí tí Jeffrey Friedman àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí jínì rẹ̀ ní New York ní 1994. Ó ń sọ fún hypothalamus pé oúnjẹ ṣì wà nínú àká. Bí ẹnìkan bá fi ebi pa ara rẹ̀ kó lè fọn, leptin á wálẹ̀, hypothalamus á sì rò pé ìyàn ti mú. Á mú ebi le sí i, á tún dín agbára tí ara ń ná kù. Nítorí náà, ẹni tó fọn tán tó tún padà sanra, kí a má kàn pè é ní ọ̀kánjúwà.

Èyí tó wù mí jù ni ti aago. Gbogbo wa la ti fọwọ́ kan patanmọ́ rí ní kékeré, tó sì pa itan mọ́ lóòótọ́ bí orúkọ rẹ̀. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ ni de Mairan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé sínú òkùnkùn ní 1729. Ewé náà ṣì ń là lọ́sàn-án, ó ń pa dé lóru, láìrí oòrùn rárá. Àkùkọ náà ńkọ́? Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Nagoya ní Japan fi àkùkọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣe bàìbàì tọ̀sán-tòru, wọ́n ṣì ń kọ lásìkò. Kì í ṣe ojúmọ́ tó mọ́ ló ń jí àkùkọ, aago wà nínú rẹ̀.

Tiwa wà nínú hypothalamus, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti tòsì ti dábùú ara wọn. Suprachiasmatic nucleus ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 20,000 ló wà níbẹ̀. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ba ibẹ̀ jẹ́ lọ́pọlọ eku, oorun àti ìrìn eku náà sì di kò-bójúmu, kò mọ ọ̀sán kò mọ òru. Aago wa kì í sábà ṣe wákàtí 24 géérégé, ó máa ń fi díẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ní 1962, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Siffre, lọ gbé inú ihò àpáta lórí òkè Alps fún oṣù méjì láìsí aago. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pè é jáde. Lọ́kàn tirẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni.

Aago yìí ló ń mú kí họ́mọ̀nù cortisol gòkè ní ìdájí kí a tó jí, òun ló sì ń sọ fún ẹ̀yà mìíràn nínú ọpọlọ pé ilẹ̀ ti ṣú, kó tú melatonin, họ́mọ̀nù òru, sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ọ̀rá àti ìfun ní aago kéékèèké tiwọn, tirẹ̀ ni wọ́n ń wò. Oúnjẹ sì lè yí ti ẹ̀dọ̀ padà láìjẹ́ pé ti òkè yí. Mẹ́gáàdì tàbí nọ́ọ̀sì tó jẹ ẹ̀bà láago méjì òru, ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́: ọpọlọ ní òru ni, ẹ̀dọ̀ ní ọ̀sán ni. Ara kì í sì í lè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lóru bó ṣe ń ṣe láàárọ̀, ẹ̀bà kan náà ni o. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ aláìsàn.

Tàbí ẹ wo ìyá tó wọ bàálù láti Èkó lọ sí Houston, tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Aago méjì òru ní Houston, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni l'Ékòó. Ìyá ti dìde, ebi ń pa á, ó ń kan ìkòkò gbàngbàn nílé ìdáná. Ọkọ ọmọ rẹ̀ fi ìrọ̀rí borí. Aago inú orí ìyá kì í fò, nǹkan bíi wákàtí kan ló ń sún lóòjọ́, nítorí náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó bá ti Houston mu. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bá a ṣe é nínú ilé náà, ọmọ tuntun tí aago tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa, tí kò sì ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru títí yóò fi pé bí oṣù méjì sí mẹ́ta.